Mò ń lọ sí Hiroshima: ṣé kí n gbé kámẹ́rà dání?

ÌBÉÈRÈ

Mo máa ń ka ohun tí ẹ ń kọ nípa fọ́tò yíyà, ó sì ń ràn mí lọ́wọ́ gan-an, pàápàá èyí tí ẹ kọ nípa bí a ṣe ń ya òde ìnáwó nínú gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ tó. Nọ́ọ̀sì ni mí. Níbi iṣẹ́ wa, wọ́n yan èmi àti ẹnì kan láti lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní Japan fún oṣù mẹ́ta. Ìlú Osaka la máa wà, ṣùgbọ́n mo ti pinnu pé lópin ọ̀sẹ̀ kan, màá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Hiroshima, kí n lọ wo ibi tí wọ́n ti ń rántí àwọn tí bọ́ǹbù átọ́míìkì pa.

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sinmi. Màmá mi ní òkú ọ̀fọ̀ ló kún ibẹ̀, pé a kì í ya fọ́tò irú ibẹ̀ wá sínú ilé. Lẹ́yìn ìyẹn, bàbá tó bí bàbá mi ja ogun Bọ́mà. Àwọn ará Japan ló lọ bá jà, bàbá mi sì ní ó máa ń sọ pé bọ́ǹbù yẹn ló jẹ́ kí òun tètè padà wálé. Ṣé irú èmi wá lè dúró níbẹ̀ kí n máa ṣọ̀fọ̀, àbí kí ni mo fẹ́ ṣe gan-an? Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti débẹ̀ tún wá dá kún un. Ó ní kí n má wulẹ̀ náwó lọ, pé wọ́n ti tún gbogbo ìlú kọ́, pé ilé wíwó kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀.

Fóònù mi àti kámẹ́rà kékeré kan tó ní lẹ́ǹsì kan ṣoṣo ni mo ní. Ṣé kí n ra lẹ́ǹsì tó ń fa nǹkan jíjìn mọ́ra kí n tó lọ?

Nọ́ọ̀sì tó ń múra ìrìn-àjò, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, o kú ìmúra o. Ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire.

Jẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ohun tó sọ ló máa tọ́ ọ sọ́nà jù lọ tí o bá gbé kámẹ́rà dání. Kò parọ́, wọ́n ti tún ìlú náà kọ́. Àmọ́ àlejò lójú, kò fi ríran. Títún tí wọ́n tún un kọ́ yẹn gan-an ni ohun tí o fẹ́ lọ wò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1945, ní aago 8:15, bọ́ǹbù tí ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà jù sílẹ̀ bú gbàmù ní nǹkan bíi 600 mítà sókè Hiroshima. Afárá Aioi ni wọ́n fojú sùn, torí pé ó yà bíi lẹ́tà T, ó sì rọrùn láti dá mọ̀ látòkè. Bọ́ǹbù náà yẹ̀ díẹ̀, òkè ilé ìwòsàn kan ló ti bú. Nígbà tí ọdún yẹn fi máa parí, àwọn tó kú ti tó nǹkan bí 140,000. Ìwọ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wàá fẹ́ mọ èyí: èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ìlú náà ló kú tàbí tó fara gbọgbẹ́ lọ́jọ́ kan náà, lọ́jọ́ tí ìlú nílò wọn jù. Àwọn èèyàn ń sọ nígbà náà pé koríko kò ní hù níbẹ̀ fún ọdún 75.

Lọ́jọ́ kẹta, ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ, tíráàmù ti ń rìn níbì kan nínú ìlú náà. Ojú ọ̀nà kúkúrú ni, ṣùgbọ́n ó ń rìn. Lára àwọn tíráàmù tó wà nínú ìlú lọ́jọ́ bọ́ǹbù, méjì tí wọ́n tún ṣe, nọ́ńbà 651 àti 652, ń gbé èrò títí di àkókò wa yìí. Tí o bá dúró ní ibùdókọ̀, tí o rí èyí tí wọ́n kọ 651 sí lójú, ya á. Mo fẹ́ràn irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún fọ́tò ilé wíwó lọ.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ìlú náà kàn dìde lójijì bí ìtàn àlọ́. Ọdún 1949 ni ìjọba tó ṣòfin pàtàkì kan tó jẹ́ kí owó àti ilẹ̀ wà fún títún un kọ́. Kenzo Tange, ayàwòrán ilé, ló bójú tó bí ọgbà ìrántí ṣe máa rí. Wọ́n la títì kan gba àárín ìlú tí fífẹ̀ rẹ̀ tó 100 mítà. Ilé ìṣọ́ Hiroshima, tí bọ́ǹbù wó palẹ̀, wọ́n tún un kọ́ ní kọnkéré ní 1958. Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn tí kò rílé gbé ń fi pákó àti páànù kọ́ àgọ́ létí odò, níwájú díẹ̀ sí ilé wíwó tí ọ̀rẹ́ rẹ sọ yẹn. Ìgbà tí wọ́n kọ́ àwọn ilé alájà gogoro ti Motomachi tán ní 1978 ni ọ̀rọ̀ àgọ́ wọ̀nyẹn tó yanjú. Láti 1945 dé 1978. Àwọn ilé gogoro náà wà níbẹ̀ dòní, aṣọ a máa wà lórí okùn níwájú wọn. Àlejò kì í sábà yà síbẹ̀, ìwọ yà síbẹ̀.

Ilé wíwó náà wá ńkọ́? Jan Letzel, ọmọ ilẹ̀ Czech, ló ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì kọ́ ọ tán ní 1915 láti máa pàtẹ ọjà tí wọ́n ń ṣe ládùúgbò. Nǹkan bí 160 mítà ni ó fi jìnnà sí ìsàlẹ̀ ibi tí bọ́ǹbù ti bú. Torí pé òkè ni agbára náà ti já lé e lórí, díẹ̀ nínú ògiri rẹ̀ dúró. Bàbà tó bo òrùlé rìbìtì rẹ̀ yọ́ dànù, àwọn irin tó gbé e ró ló kù. Ohun tí àwọn àlejò kì í sábà mọ̀ ni pé ìjà wà lórí ilé yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn kan nínú àwọn tó là á já kò fẹ́ rí i mọ́ láé, wọ́n ní kí wọ́n wó o. Àwọn mìíràn ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí bọ́ǹbù bá nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́ kú ní 1960, àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló pa á. Ohun tó kọ sínú ìwé rẹ̀ nípa ilé náà ló mú kí àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìbùwọ́lùwé kiri pé kí wọ́n má wó o. Ọdún 1966 ni ìgbìmọ̀ ìlú fẹnu kò pé wọn ò ní wó o, àjọ UNESCO sì fi í sára àwọn ogún gbogbo ayé ní 1996. Láti ìgbà tí wọ́n ti pinnu yẹn ni wọ́n ti ń tún un ṣe lóòrèkóòrè, kí ó má bàa wó ju bó ṣe wó lọ. Iṣẹ́ ńlá ni kí ilé wà ní wíwó láìwó tán.

Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyí, ó sì lè yà ọ́ lẹ́nu: má gé ìlú kúrò nínú fọ́tò rẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sún mọ́ ilé wíwó náà títí òun nìkan á fi kún ojú kámẹ́rà, òun àti òfuurufú. Fọ́tò bẹ́ẹ̀ rẹwà, ṣùgbọ́n irọ́ ló ń pa, torí ẹni tó bá wò ó á rò pé ìlú náà ṣì wà ní wíwó. Sún sẹ́yìn. Jẹ́ kí tíráàmù tó ń kọjá wọ inú rẹ̀, kí ọkùnrin tó wọ kóòtù tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ wọ inú rẹ̀, kí àwọn ilé gogoro ẹ̀yìn rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni ilé gíga kan wà tí wọ́n ń pè ní Orizuru Tower. Tí o bá sanwó gòkè rẹ̀, wàá rí ilé wíwó náà nísàlẹ̀ bó ṣe kéré tó láàárín ìlú. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ á ti yé ọ dáadáa.

Ní ti oòrùn: ìlà oòrùn odò Motoyasu ni ilé náà wà, ọgbà ìrántí wà ní ìwọ̀ oòrùn odò. Tí o bá dúró sínú ọgbà láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹ̀yìn ilé náà ni oòrùn máa wà, ilé á dúdú, àwọn irin òrùlé á sì hàn ketekete lójú ọ̀run. Tó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ ni oòrùn máa tàn sí, wàá rí bíríkì àti ibi tí iná ti là á. Àwọn méjèèjì dára, ìrọ̀lẹ́ ni mo fara mọ́. Lálẹ́ wọ́n máa ń tanná sí i, òjìji rẹ̀ á sì hàn lójú odò tí omi bá pa rọ́rọ́. Kò sẹ́ni tó ń gbowó lọ́wọ́ ẹni lẹ́yìn ọgbà rẹ̀, kò sì sí àkókò tí wọ́n ń tì í, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí èèyàn wọ inú rẹ̀.

Nínú ọgbà náà, tí o bá dúró síwájú mùsíọ́ọ̀mù tí o kọjú sí àríwá, wàá rí ohun tí Tange fi ọgbọ́n ṣe. Ó gbé òkúta ìrántí kan sójú ọ̀nà ní 1952, ó tẹ̀ kọdọrọ bí òrùlé ilé àtijọ́. Láti inú kọdọrọ yẹn, ojú rẹ á gba orí iná tí wọ́n tàn ní 1964, tí wọ́n ní àwọn ò ní pa títí bọ́ǹbù átọ́míìkì yóò fi tán láyé, á lọ títí dé orí ilé wíwó náà lódìkejì odò. Gbogbo wọn tò sórí ìlà kan ṣoṣo. Gbogbo àlejò ló ń ya fọ́tò yẹn, kò sì sídìí tí ìwọ náà kò fi ní yà á. Ṣùgbọ́n wo ohun tó wà lábẹ́ òkúta náà kí o tó gbé kámẹ́rà sókè. Àpótí òkúta ni. Inú rẹ̀ ni ìwé orúkọ àwọn tó kú wà, orúkọ tó lé ní 340,000, nítorí pé tí ẹnì kan nínú àwọn tó là á já bá kú lónìí, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ kún un. Ọ̀kan wà nínú àwọn ìwé náà tí kò ní orúkọ kankan nínú. Ti àwọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nìyẹn. Lọ́dọọdún, nínú oṣù karùn-ún, wọ́n máa ń kó àwọn ìwé náà jáde, wọ́n á ṣí wọn kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí wọn.

Wàá bá àwọn tó tò sílà níwájú òkúta yẹn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á bọ́ síwájú, á tẹrí ba, á pa ọwọ́ pọ̀, á sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Fọ́tò ni àwọn kan lára wọn wá yà, àdúrà ni àwọn kan wá gbà. Tò sílà pẹ̀lú wọn. Nígbà tó bá kàn ọ́, kámẹ́rà rẹ kọ́ sọ́rùn, tẹrí ba. Lẹ́yìn náà, yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, lọ sẹ́yìn àwọn èèyàn, ibẹ̀ ni kí o ti ya fọ́tò. Ó ní ìdí tí mo fi sọ pé ẹ̀yìn.

Yoshito Matsushige, ayàwòrán fún ìwé ìròyìn Chugoku Shimbun, wà nínú ìlú náà lọ́jọ́ tí bọ́ǹbù bú. Ilé rẹ̀ jìnnà sí ààrin gbùngbùn díẹ̀, ìyẹn ló fi yè é. Ó gbé kámẹ́rà rẹ̀, ó rìn dé afárá Miyuki, nǹkan bíi kìlómítà méjì ó lé díẹ̀ síbi tí bọ́ǹbù ti bú. Àwọn èèyàn jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tó pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ilé ìwé, ara wọn ti jóná, wọ́n ń da òróró sí wọn lára. Kò lè ya fọ́tò. Ó dúró fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kó tó lè tẹ bọ́tìnì. Fọ́tò àkọ́kọ́ tó yà, ẹ̀yìn wọn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ó wá sún mọ́ wọn díẹ̀, ó ya ẹ̀ẹ̀kejì. Ó sọ lẹ́yìn náà pé omi ojú kò jẹ́ kí òun rí inú kámẹ́rà dáadáa. Ó rìn kiri fún ọ̀pọ̀ wákàtí lọ́jọ́ náà, fọ́tò márùn-ún péré ló jáde. Ohun tí ayé mọ̀ nípa bí ilẹ̀ Hiroshima ṣe rí fún àwọn èèyàn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, láti inú kámẹ́rà, inú márùn-ún yẹn ló ti pọ̀ jù lọ.

Ayàwòrán ni mí, mo sì ti rí àwọn tó ń gbé lẹ́ǹsì sún mọ́ ojú ẹni tó ń sunkún bí ẹni ń wo eyín ẹṣin. Ó máa ń bí mi nínú. Matsushige lẹ́tọ̀ọ́ láti sún mọ́ wọn ju gbogbo wa lọ, ìlú rẹ̀ ni, ìyà rẹ̀ sì ni, síbẹ̀ ó dúró lẹ́yìn. Tí o bá rí àgbàlagbà kan tó pa ọwọ́ pọ̀ níwájú òkúta, ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ̀ àti irun funfun rẹ̀ ti tó fọ́tò. Tó bá jẹ́ ojú rẹ̀ lo fẹ́ yà, dúró kó ṣe tán, lọ kí i, fi ọwọ́ tọ́ka sí kámẹ́rà. Bí ó bá mi orí, o ti gba ìdáhùn nìyẹn. Àwọn ará Japan kì í fẹ́ kí èèyàn ya ojú wọn láìgbàṣẹ, pàápàá tó bá máa bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wàá tún pàdé àwọn ọmọ ilé ìwé rẹpẹtẹ tí tíṣà kó wá. Àwọn mìíràn á sáré wá bá ọ láti fi ọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò lédè Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ àmúrelé wọn ni. Dá wọn lóhùn, bá wọn rẹ́rìn-ín. Tíṣà wọn ni kí o tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí o tó ya fọ́tò, má sì gbé ojú ọmọ ọlọ́mọ sórí WhatsApp.

O ò béèrè nípa sẹ́lífì, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó wà lọ́kàn rẹ, torí kò sí ẹni tó ń rìnrìn-àjò báyìí tí kò wà lọ́kàn rẹ̀. Ní 2017, ayàwòrán kan, Shahak Shapira, kó àwọn sẹ́lífì tí àwọn ọ̀dọ́ yà níbi ìrántí àwọn Júù ní Berlin, àárín àwọn òkúta 2,711 yẹn, tí wọ́n ń fò, tí wọ́n ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó yọ àwọn òkúta náà kúrò lẹ́yìn wọn, ó fi fọ́tò òkú inú àgọ́ ìpakúpa rọ́pò rẹ̀. Ariwo sọ. Mi ò ní dẹ́rù bà ọ́ tó bẹ́ẹ̀. Tí o bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ nílé pé o dé Hiroshima, ní kí ẹnì kan yà ọ́ ní orí afárá tàbí létí odò, dúró bí o ṣe máa dúró níwájú ilé ẹni tí ẹ lọ kí kú ọ̀fọ̀, ó tán. Kò sí ìka méjì sókè, kò sí fífò. Ìlú náà ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni sọ ibẹ̀ di pápá ìṣeré: ní 2016, wọ́n ní kí àwọn tó ṣe géèmù Pokémon Go yọ ọgbà náà kúrò nínú géèmù wọn kó tó di ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ, wọ́n sì yọ ọ́.

Ó kù sí màmá. Má jà pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé a kì í fi òkú ọ̀fọ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ ilé, òótọ́ sì ni. Tó bá jẹ́ pé inú ọgbà yẹn ni òun náà dúró sí, èmi àti òun máa fẹnu kò lórí ibì kan. Òkìtì koríko kan wà lápá àríwá ọgbà, ó ga díẹ̀, ó rí roboto. Eérú àwọn èèyàn bí 70,000 ló wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ wọn tàbí tí kò sí ẹbí tó kù láti gbé wọn. Kò sẹ́ni tó fi òfin de fọ́tò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tèmi ni pé kí o fi kámẹ́rà sínú àpò, kí o kí wọn, kí o máa lọ. Ìyókù ọgbà náà, tí o bá padà dé, jókòó ti màmá, fi han án ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sì sọ ìtàn rẹ̀ fún un. Ohun tí màmá kò fẹ́ ni kí o kàn kó fọ́tò wá láìní ìtàn.

Bàbá àgbà rẹ ńkọ́? Ìbéèrè yìí ló wúwo jù nínú lẹ́tà rẹ, mo sì dúpẹ́ pé o bi í. Àwọn ọmọ wa tó wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹ̀ka 81 àti 82, rí màbo ní Bọ́mà. Isaac Fadoyebo, ará Emùrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ìbọn àwọn ará Japan ṣe é léṣe ní 1944, inú igbó ló wà fún oṣù mẹ́sàn-án, àwọn ará abúlé ibẹ̀ ló ń fi í pamọ́, tí wọ́n ń bọ́ ọ. Ó padà wálé, ó kọ ìwé rẹ̀. Nítorí náà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí o gbàgbé ohun tí àwọn ọmọ ogun Japan ṣe. Nígbà tí UNESCO gba ilé wíwó náà wọlé ní 1996, Amẹ́ríkà yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, Ṣáínà náà kò sì fara mọ́ ọn tán, torí pé wọ́n ní ìtàn tiwọn.

Ṣùgbọ́n wá òkúta kan nínú ọgbà, tí ìjàpá òkúta gbé sẹ́yìn. Ti àwọn ará Kòríà tó kú níbẹ̀ ni. Japan ló ń ṣàkóso Kòríà nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n kó wá sí Hiroshima láti wá ṣiṣẹ́ fún ogun tí kì í ṣe tiwọn. Wọ́n gbé òkúta náà kalẹ̀ ní 1970, ní ìta ọgbà, lódìkejì odò. Ó tó 1999 kí wọ́n tó gbé e wọ inú ọgbà. Tún mọ̀ pé àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà 12 tí wọ́n mú lẹ́rú wà nínú ìlú náà lọ́jọ́ yẹn, bọ́ǹbù ilẹ̀ wọn sì pa wọ́n. Ará Japan kan tó là á já, Shigeaki Mori, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún wá orúkọ wọn àti ẹbí wọn rí. Òun ni Obama dì mọ́ra nígbà tó wá ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 2016. Bàbá àgbà rẹ wọṣẹ́ ológun fún ọba Gẹ̀ẹ́sì, ó lọ síbi tí kò mọ̀, ó padà wálé. Ọmọ Kòríà tí wọ́n kó wá sí Hiroshima kò padà. Síwájú òkúta ìjàpá yẹn ni kí ìwọ tó jẹ́ ọmọ ọmọ jagunjagun Bọ́mà ti lọ dúró. Àyè rẹ wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa bi ọ́ pé ta ni ìwọ ń ṣọ̀fọ̀ fún.

Mùsíọ́ọ̀mù: wọ́n gbà kí èèyàn ya fọ́tò níbi tó pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n láìsí fíláàṣì, láìsí òpó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tàbí igi sẹ́lífì. Níbi tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri pé kí o má yà, má yà. Tí o bá ra fóònù ní Japan, mọ̀ pé ohùn kámẹ́rà rẹ̀ kì í ṣeé pa, á sì máa dún nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o wo ibẹ̀ tán láìya nǹkan kan. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọdé kan wà níbẹ̀, ti Shinichi Tetsutani, ọmọ ọdún mẹ́ta. Orí rẹ̀ ló wà níwájú ilé wọn nígbà tí bọ́ǹbù bú, ó sì kú lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bàbá rẹ̀ sin ín sí àgbàlá pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ní ọmọ náà kéré jù láti dá lọ sí itẹ́ òkú. Ọdún 1985 ni bàbá náà tó hú u, tó gbé egungun ọmọ lọ síbi ìsìnkú ẹbí, tó fún mùsíọ́ọ̀mù ní kẹ̀kẹ́. Irin rẹ̀ ti dípẹtà, ó ti rọ. Fọ́tò rẹ̀ pọ̀ káàkiri, tìrẹ ò ní yàtọ̀ sí tàwọn yòókù, ojú rẹ ló yẹ kó rí i. Tí o bá sì bá ẹni tó là á já tó ń sọ ìtàn rẹ̀ fún àlejò, tọrọ àyè kí o tó gbà á sílẹ̀. Àwọn yẹn ti dàgbà gan-an báyìí, ẹgbẹ́ wọn, Nihon Hidankyo, ló gba ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà ní 2024.

Òkúta ìrántí àwọn ọmọdé ni wàá gbádùn jù láti yà. Sadako Sasaki, ọmọ ọdún méjì nígbà tí bọ́ǹbù bú, ló ṣàìsàn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1955, ọmọ ọdún 12. Lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi bébà ká ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn kan tí àwọn ará Japan gbà pé tí èèyàn bá ká ẹgbẹ̀rún, á rí ohun tó ń fẹ́. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó, wọ́n ṣí òkúta náà ní 1958. Ẹyẹ bébà bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá ló ń dé láti gbogbo ayé lọ́dọọdún, wọ́n á so wọ́n rọ̀ sínú àwọn àpótí gíláàsì yíká. Kó lẹ́ǹsì mọ́ gíláàsì náà pẹ́kípẹ́kí, kí o fi ọwọ́ bò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ má bàa padà sí ọ lójú, wàá rí àwọ̀ tí o ò rí rí. Ká ẹyọ kan dání láti Ìbàdàn, bébà ìwé àtijọ́ ti tó.

Kí o tó kúrò ní ìlú náà, wọ tíráàmù lọ sí afárá Miyuki. Wọ́n ti tún un kọ́, ọkọ̀ ń sáré lórí rẹ̀. Fọ́tò Matsushige wà lára òkúta kan létí afárá náà. Dúró síbẹ̀ kí o ya afárá bó ṣe rí báyìí.

Ní ti lẹ́ǹsì, má ra nǹkan kan. Lẹ́ǹsì tó ń fa nǹkan mọ́ra á kàn máa gbà ọ́ níyànjú láti ya ojú àwọn tí kò mọ̀ pé o wà níbẹ̀, èyí tí o ní sì ti fẹ̀ tó láti gba tíráàmù àti ilé wíwó náà sínú fọ́tò kan. Ra bátìrì kejì, torí ọjọ́ gígùn ni. Owó tó bá kù, fi jẹ okonomiyaki, oúnjẹ tí Hiroshima ń ṣe tirẹ̀ pẹ̀lú núdùlù láàárín. Tí ẹ bá padà dé, fi díẹ̀ nínú fọ́tò rẹ ránṣẹ́ sí mi, kí o kọ ibi tí o ti yà á àti wákàtí tí o yà á sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan.